Kí Ẹ Tó Gbé Bàbá Tàbí Màmá Lọ sí Ọ́fíìsì Ìjọba l'Ábùjá

Ìbéèrè kan náà ni ẹ ń bi mí ṣáá: "Bàbá mi ń bọ̀ láti Zaria, wọ́n fẹ́ ṣe NIN, wọ́n sì fẹ́ yanjú ọ̀rọ̀ pẹ́ńṣọ̀n wọn l'Ábùjá. Ibo ni kí n kọ́kọ́ gbé wọn lọ?" Ti ẹlòmíì, Màmá ló wà lọ́dọ̀ wọn ní Kubwa tàbí Mararaba, orúnkún ń dùn wọ́n, wọn ò sì lè dúró lórí ìlà. Èsì mi kì í yí padà: ẹ má tíì gbé wọn lọ síbì kankan. Ẹ jókòó ti ìwé wọn ná. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí wọ́n ń dá padà níwájú tábìlì, orúkọ wọn ni kò bára mu láti ìwé kan sí èkejì, tàbí kó jẹ́ pé láìnì fóònù tí wọ́n ń lò kò sí lórúkọ wọn. Ilé lẹ ti lè rí méjèèjì yìí kí ẹ tó wọ ọkọ̀.

Ta ló ni iṣẹ́ wo?

Ibí yìí ni owó ọkọ̀ ti ń ṣòfò jù. Ẹ mọ ilé iṣẹ́ tó kàn kí ẹ tó gbéra.

- NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè: NIMC, àjọ ìjọba tó ń fúnni ní nọ́ńbà náà, ló ni í. Olú ilé iṣẹ́ wọn wà ní Sokode Crescent, Wuse Zone 5, ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí ẹ gbé àgbàlagbà débẹ̀. Wọ́n ní ibùdó káàkiri, títí dé àwọn ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ lọ sí èyí tó sún mọ́ ilé jù. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́. Àtúnṣe ni wọ́n ń gbowó lé.
- Pẹ́ńṣọ̀n ìjọba àpapọ̀ ti àtijọ́: PTAD, ní Maitama. Wọn ló ń bójú tó àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó fẹ̀yìn tì lábẹ́ ètò àtijọ́: òṣìṣẹ́ ọba, ọlọ́pàá àtijọ́, kọ́sítọ́ọ̀mù, ìmígíréṣọ̀n, wọ́dà, àti àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba bíi rélùwéè àti NITEL.
- Pẹ́ńṣọ̀n tuntun: Bí Bàbá bá ní nọ́ńbà RSA (àkáǹtì ìfowópamọ́ fún ìfẹ̀yìntì), èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PEN, ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó náà fún wọn (PFA) ni kí ẹ lọ bá. PenCom ni ọ̀gá àwọn PFA. Bí PFA bá ń fi yín ṣeré, PenCom ni kí ẹ kọ̀wé sí.
- Sójà: Military Pensions Board. Wọn ò sí lábẹ́ PTAD.
- Ẹni tó ṣiṣẹ́ fún ìpínlẹ̀ tàbí ìjọba ìbílẹ̀: Olùkọ́ tó fẹ̀yìn tì ní Kaduna, nọ́ọ̀sì tó fẹ̀yìn tì ní Ilorin, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní Minna, ìpínlẹ̀ wọn ló ni fáìlì wọn. Kò sẹ́ni tó máa rí orúkọ wọn l'Ábùjá, bó ti wù kí ẹ bẹ̀bẹ̀ tó.
- Ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí: National Population Commission. Òfin ọdún 1992 ló sọ ọ́ di dandan láti máa forúkọ ọmọ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá bí i. Àwọn òbí wa ti dáyé tipẹ́ kí òfin yẹn tó dé, nítorí náà ìwé tí àjọ yìí ń kọ fún àgbàlagbà láti jẹ́rìí sí ọjọ́ ìbí wọn ni wọn óò gbà.
- Ìlera: Ètò ìbánigbófò ìlera wà fún olùgbé Ábùjá (FHIS), ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan náà sì ní tirẹ̀. Lábẹ́ òfin NHIA (àjọ ìbánigbófò ìlera ti orílẹ̀-èdè) ti 2022, owó kan wà tó yẹ kó gba ẹrù lórí àwọn aláìní. Ẹ béèrè ní ọsibítù ìjọba tó wà ládùúgbò yín bóyá Màmá lè wọ inú ètò náà.

Bí iṣẹ́ bá ju ẹyọ kan lọ, NIN ni kó ṣíwájú. Báńkì, pẹ́ńṣọ̀n, síìmù, ìbánigbófò, gbogbo wọn ló ń béèrè rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ to orúkọ

Ẹ jẹ́ n dúró pẹ́ díẹ̀ níbí, torí ibẹ̀ ni ìṣòro àwọn tiwa tó dàgbà sí òkè Ọya wà jù.

Ẹni tó kọ orúkọ Bàbá sílẹ̀ ní Kano ní 1974, etí Háúsá ló fi gbọ́ ọ. Bàbá pe ara wọn ní Sulaimon, ó kọ Sulaiman. Jimoh di Juma. Rafiu di Rafi'u, àmì kékeré tó wà láàárín yẹn sì tó láti mú kí kọ̀ǹpútà sọ pé ẹni méjì ni. Nígbà tí Bàbá dé báńkì, wọ́n kọ orúkọ bàbá wọn ṣíwájú. Nígbà tí wọ́n dé ibi NIN, akọ̀wé béèrè orúkọ, Bàbá dáhùn pé "Alhaji Lawal", ó sì tẹ Alhaji sínú àyè orúkọ àkọ́kọ́. Mo ti rí káàdì tó jẹ́ pé Alhaja ni wọ́n kọ sí àyè orúkọ Màmá. Ti àwọn ìyá tún le díẹ̀ sí i: orúkọ ilé bàbá wọn ló wà nínú ìwé iṣẹ́, orúkọ ọkọ ló wà ní báńkì.

Báyìí ni kí ẹ ṣe é:

1. Ẹ kó gbogbo ìwé wọn jọ: lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́, lẹ́tà ìfẹ̀yìntì, ìwé pẹ́ńṣọ̀n, ìwé báńkì, NIN, káàdì ìdìbò, páṣípọ́ọ̀tù bó bá wà, ìwé ìgbéyàwó.
2. Ẹ mú bébà kan. Fún ìwé kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, bó ṣe tẹ̀ léra, pẹ̀lú ọjọ́ ìbí àti nọ́ńbà fóònù. Ẹ má fi orí kà á o. Ojú yín máa tún un ṣe láìjẹ́ pé ẹ mọ̀.
3. Ẹ fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tí wọn ò ti dọ́gba.
4. Ẹ bi ilé iṣẹ́ tó ń san pẹ́ńṣọ̀n léèrè orúkọ tó wà lọ́wọ́ wọn, kí ẹ tó sanwó àtúnṣe níbikíbi. Èyí tó wà lọ́dọ̀ wọn ló máa ń nira jù láti yí padà. Òun ni mo máa ń sọ pé kí ẹ fa àwọn yòókù tẹ̀ lé.
5. Bó bá jẹ́ lẹ́tà kan tàbí méjì ló yàtọ̀, ìwé ìbúra kóòtù máa ń tó. Bó bá jẹ́ orúkọ mìíràn pátápátá, wọn óò sábà béèrè pé kí ẹ gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn pẹ̀lú. Ẹ tọ́jú odindi ìwé ìròyìn náà. Ẹ má gé ibẹ̀ nìkan.
6. Bó bá jẹ́ ọjọ́ ìbí, ìwé Population Commission ni NIMC máa béèrè. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìkìlọ̀: Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ dín ọjọ́ orí Bàbá kù tàbí kí ẹ fi kún un "kó lè bá a mu", ẹ sá fún un. Ọjọ́ orí wà nínú fáìlì iṣẹ́ wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti wọlé, òun náà ni wọ́n fi ṣírò pẹ́ńṣọ̀n. Bí NIN bá wá ń sọ nǹkan mìíràn, Bàbá ni wọ́n máa pè wá sọ tẹnu wọn.

Àwọn tí wọn ò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí wọn gan-an ńkọ́? Wọ́n pọ̀, kì í ṣe ìtìjú. Ọ̀pọ̀ ló ní oṣù kìíní ọjọ́ kìíní lórí ìwé wọn. Bó bá ti jẹ́ ọjọ́ yẹn ló wà níbi gbogbo, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: fóònù tí orúkọ wọn wà lórí rẹ̀

Ọmọ ra síìmù fún Màmá, ó fi orúkọ ara rẹ̀ forúkọ sílẹ̀ kó lè yá. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, nọ́ńbà àṣírí (OTP) tí báńkì ń fi ránṣẹ́ ń lọ sórí láìnì tí kì í ṣe ti Màmá lójú òfin. Tí ọmọ náà bá ti lọ sí Kánádà ńkọ́?

1. Ẹ wo orúkọ tó wà lórí síìmù. Bí kì í bá ṣe tiwọn, ẹ gbé wọn lọ sí ilé iṣẹ́ láìnì náà kí wọ́n yí i padà sórúkọ wọn, pẹ̀lú NIN wọn.
2. Ẹ fi owó díẹ̀ sórí láìnì náà, kí ẹ wá tẹ \*346# láti rí NIN. Ó ń gba owó díẹ̀ lórí láìnì, bí kò bá sí owó níbẹ̀ kò ní dáhùn.
3. Ẹ tẹ \*565\*0# láti rí BVN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báńkì), lórí láìnì tí wọ́n fi ṣe BVN gan-an.
4. NIN jẹ́ nọ́ńbà mọ́kànlá, BVN náà jẹ́ mọ́kànlá. Ẹ kọ orúkọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí wọ́n máa ń gbé ọ̀kan fún òmíràn, wọ́n á wá ní kọ̀ǹpútà ò dáa.

Fóònù kékeré tó ní bọ́tìnnì tó fún iṣẹ́ yìí. Ẹ má fi dandan ra fóònù ńlá fún ẹni tí kò fẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ohun tí ẹ lè parí nílé

PTAD ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní "I Am Alive", èyí tí àgbàlagbà lè fi jẹ́rìí pé òun ṣì wà láyé láti orí fóònù ńlá tàbí kọ̀ǹpútà. Ojú ni ẹ̀rọ náà ń wò. Kí ètò yìí tó dé, ìrìnàjò làwọn bàbá ń rìn nítorí ìdánimọ̀, àwọn mìíràn láti Maiduguri, láti Sokoto. Ẹ lò ó.

1. Ẹ rí i pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì dúró, kí bátìrì sì kún. Àárọ̀ kùtù dára jù.
2. Ẹ gbé àga síwájú fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ wà níwájú wọn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá wà lẹ́yìn, ojú á dúdú.
3. Kí Bàbá bọ́ fìlà àti awò ojú. Kí Màmá fa gèlè tàbí híjàbù sẹ́yìn díẹ̀, kí ojú hàn láti iwájú orí dé àgbọ̀n.
4. Ẹ ṣàlàyé fún wọn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: ẹ̀rọ lè ní kí wọ́n yí ojú tàbí kí wọ́n ṣẹ́jú. Ẹni tí etí ò fẹ́ gbọ́ mọ́, ẹ fọwọ́ kàn án láti fi hàn án.
5. Nígbà tó bá gbà, ẹ ya àwòrán ojú fóònù náà, kí ọjọ́ rẹ̀ hàn.

Bí kò bá gbà lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ fi í sílẹ̀ dọjọ́ kejì. Ẹ má gbé fọ́tò àtijọ́ síwájú kámẹ́rà, ẹ má sì jẹ́ kí àbúrò tó jọ wọ́n jókòó dípò wọn. Ọ̀rọ̀ tó máa dà bí ọgbọ́n lójú yín, jìbìtì ló máa jẹ́ lójú tiwọn.

Ìka tí ẹ̀rọ kò rí

Ẹni tó fi ogójì ọdún roko, tó fi ọwọ́ po sìmẹ́ńtì, tàbí tó ń fọ aṣọ fún gbogbo ilé, ìlà ìka rẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ pa rẹ́. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀rọ, kì í ṣe ẹ̀bi òṣìṣẹ́. Ọyẹ́ tún ń mú un burú sí i: láti oṣù kejìlá sí oṣù kejì, ìka gbogbo arúgbó l'Ábùjá ń sán bí èèpo igi.

- Ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, ẹ fi òrí tàbí faselíìnì pa ìka wọn lálaalẹ́.
- Kí Màmá má lé làálì sí orí ìka. Mo mọ̀ pé Ìtúnu lè ti dé, ẹ jẹ́ kí wọ́n lé e sí àtẹ́lẹwọ́ tàbí sí ẹsẹ̀, kí orí ìka mọ́ fún ìgbà díẹ̀.
- Lọ́jọ́ náà, ẹ fọ ọ̀rá kúrò. Ìka tó ń yọ̀ kò dára, èyí tó gbẹ táútáú náà kò dára. Ẹ mú aṣọ kékeré tí ẹ fi omi rẹ́, kí ẹ rọra fi nu ìka kó tó kan gíláàsì.
- Ìka mẹ́wàá ni NIMC ń gbà. Bí ọ̀kan ò bá wọlé, ẹ rọ òṣìṣẹ́ kó lọ sórí èyí tó kàn, kó tó padà wá.

Mo wà níbì kan tí òṣìṣẹ́bìnrin kan di ọwọ́ bàbá àgbà kan mú, ó fẹ́ èémí gbígbóná sí orí àtàǹpàkò rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó gbà lẹ́sẹ̀kan náà. Àwọn tó wà lẹ́yìn ti ń kùn pé ó ti pẹ́ jù.

Ọjọ́ tí ẹ máa jáde

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ Ajé, gbogbo ẹni tí kò ráyè lọ́sẹ̀ tó kọjá ló ń dé. Ọjọ́ Ẹtì, láti aago méjìlá lọ, Jímọ̀ ti dé, ọ̀pọ̀ tábìlì á ṣófo; ní Kano tàbí Katsina, ẹ má tilẹ̀ ronú kàn án. Ẹ yẹra fún ọ̀sẹ̀ tí ọdún Iléyá tàbí Kérésìmesì bá wà nínú rẹ̀. Ní oṣù Ààwẹ̀, àárọ̀ nìkan ni.

Ọkọ̀ ńkọ́? Ẹni tó ń bọ̀ láti Nyanya tàbí Mararaba mọ ohun tí gosiló AYA ń ṣe láàárọ̀. Èrò mi ni pé kí ẹ pín ara yín: kí ọ̀kan nínú yín, ẹni tó lágbára, lọ tètè kọ orúkọ sílẹ̀, kí ẹnìkejì gbé àgbàlagbà wá nígbà tí ọ̀nà bá ti ń sinmi. Àwọn ọ́fíìsì kan kò gbà kí èèyàn kọ orúkọ fún ẹlòmíì, nítorí náà ẹ lọ béèrè lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ọjọ́ tí ẹ bá lọ béèrè yẹn, ẹ wo nǹkan mẹ́rin: àjà wo ni ọ́fíìsì wà, ṣé lífítì ń ṣiṣẹ́, ibo ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà, ṣé àga wà. Bí ẹ bá rí ọ̀nà ìgòkè tí wọ́n ṣe fún kẹ̀kẹ́ arọ, ẹ wò ó bóyá kì í ṣe pé jíípù ọ̀gá kan ni wọ́n gbé sẹ́nu rẹ̀. Mo ti rí bẹ́ẹ̀ rí.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ wò ó bóyá ìwọ̀nyí wà nínú báàgì:

- Ìwé gidi nínú fáìlì kan, fótókọ́pì mẹ́ta-mẹ́ta nínú fáìlì mìíràn. Owó fótókọ́pì tó wà ní ẹnu géètì máa ń ju ti àdúgbò lọ.
- Fọ́tò páṣípọ́ọ̀tù, tiwọn àti tẹni tó tẹ̀ lé wọn.
- Bébà orúkọ tí ẹ kọ ní ìgbésẹ̀ kìíní.
- Fóònù tí orúkọ wọn wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú ṣájà.
- Oògùn ọ̀sán, omi, àti oúnjẹ díẹ̀. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà kò gbọ́dọ̀ fi ebi jókòó dé aago mẹ́ta.
- Awò ìkàwé, ọ̀pá, àga kékeré tó ń ká.
- Súwẹ́tà. Oòrùn ló wà níta, èésì ọ́fíìsì sì lè jẹ́ kí wọ́n máa gbọ̀n.
- Bírò méjì. Ẹ fi ọ̀kan pamọ́, ẹ óò rí ìdí rẹ̀.

Níwájú tábìlì

Ẹ kí wọn kó tó kan ọ̀rọ̀. L'Ábùjá, "sannu da aiki" lẹ́nu bàbá arúgbó ń ṣí ilẹ̀kùn ju gírámà ọmọ tó gba dìgírì lọ. Bí Bàbá bá ti pẹ́ lókè Ọya, tí Háúsá wọn dán, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi sọ ọ̀rọ̀ ara wọn.

Èyí ni àṣìṣe tí mo rí jù lọ́wọ́ àwa ọmọ: wọ́n bi Màmá léèrè orúkọ, ọmọ dáhùn. Wọ́n béèrè ọdún tí wọ́n bí wọn, ọmọ dáhùn. Òṣìṣẹ́ tó ń ṣe ìdánimọ̀ fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ni í, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti fura bí ọmọ bá ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ wọn, ẹ túmọ̀ bí wọn ò bá gbọ́, kí ẹ sì dákẹ́.

Ní ti ìlà: òfin tó ń dáàbò bo àwọn aláàbọ̀ ara, èyí tí wọ́n ṣe ní 2018, tí Ààrẹ Buhari sì fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2019, sọ ní abala 26 pé aláàbọ̀ ara ni kí wọ́n kọ́kọ́ dá lóhùn lórí ìlà. Kò dárúkọ gbogbo arúgbó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ojú rẹ̀ ti fọ́, tí etí rẹ̀ ti di, tàbí tí kò lè rìn láìsí ọ̀pá tàbí kẹ̀kẹ́, ẹ lè tọ́ka sí òfin yìí fún un. Ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, Màmá ò lè dúró, òfin sì fún wọn láyè." Ẹ má fi pariwo. Ẹni tó wà níwájú yín lórí ìlà ni kí ẹ tún bẹ̀, torí òun lẹ gba àyè rẹ̀.

Bí Màmá kò bá mọ̀wé: ẹ má jẹ́ kí wọ́n tẹ ìka sórí fọ́ọ̀mù tí wọn ò tíì kà fún wọn ní èdè tí wọ́n gbọ́. Ẹ béèrè àyè tí ẹni tó kà á máa kọ orúkọ, àdírẹ́sì àti ìfọwọ́sí rẹ̀ sí, pé òun kà á, Màmá sì gbọ́ ọ yé. Bí ìwé ìbúra kóòtù bá jẹ́ ti ẹni tí kò mọ̀wé, gbólóhùn yìí gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Bí wọ́n bá dá yín padà:

1. Ẹ béèrè ohun tó kù, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ òṣìṣẹ́ náà àti ọjọ́. Bírò kejì nìyẹn, torí wọ́n á ti yá ti àkọ́kọ́.
2. Bí ìdí náà kò bá yé yín, ẹ béèrè tábìlì SERVICOM. Láti 2004 ni ètò yìí ti wà, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti gbọ́ ẹ̀sùn àwọn tí ilé iṣẹ́ ìjọba kò dá lóhùn bó ṣe yẹ.
3. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ àbùkù tí wọ́n fi kan wọn nítorí ọjọ́ orí, National Senior Citizens Centre wà l'Ábùjá. Òfin 2017 ló dá a sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ àgbàlagbà. Lẹ́tà ni kí ẹ kọ, kí ẹ sì gba sítáǹpù sórí ẹ̀dà tiyín.

Bí wọn ò bá lè dìde rárá

Ẹ má gbé ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì wọ ọkọ̀ kí ẹ tó ti gbìyànjú ìwọ̀nyí:

- Ìwé dókítà láti ọsibítù ìjọba tó sọ pé wọn ò lè rìn.
- Lẹ́tà àṣẹ tí àwọn fúnra wọn fọwọ́ sí tàbí tẹ ìka sí, tó dárúkọ yín, tó sì sọ iṣẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n rán yín. Ẹ so ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ àti fọ́tò ẹ̀yin méjèèjì mọ́ ọn. "Kó máa bá mi ṣe gbogbo nǹkan" kì í ṣe àṣẹ tí òṣìṣẹ́ gidi máa gbà.
- Ìbéèrè, ní kíkọ sílẹ̀, pé kí ilé iṣẹ́ náà rán èèyàn wá sílé. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣe é, àmọ́ ẹni tó béèrè nìkan ló lè rí i gbà.

Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ilé tàbí owó ńlá, ẹ lọ bá lọ́yà fún ìwé àṣẹ tó péye. Ohun kan tí àwọn èèyàn kì í fẹ́ gbọ́ nìyí: ìwé yẹn, nígbà tí ọpọlọ wọn ṣì já geere ni wọ́n gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Bí ìgbàgbé arúgbó bá ti wọlé tó bẹ́ẹ̀ tí wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń fọwọ́ sí mọ́, ìfọwọ́sí náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín sì lè pè yín lẹ́jọ́ lórí rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ ní ìpàdé ẹbí nígbà tí gbogbo ara ṣì le.

Àwọn tó ń dúró ní ẹnu géètì

Wọ́n á pè yín ní "ẹ̀gbọ́n", wọ́n á ní ọ̀gá àwọn wà nínú ọ́fíìsì, pé ẹgbẹ̀rún márùn-ún péré ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ ẹnikẹ́ni. Àwọn tó mọ èèyàn gan-an ló léwu jù, torí ẹ̀dà NIN àti BVN Màmá yín á ti wà lọ́wọ́ ẹni tí ẹ ò mọ ilé rẹ̀.

Ẹ kọ́ wọn ní gbólóhùn mẹ́rin yìí títí wọ́n á fi lè sọ ọ́ lórí:

- Kò sẹ́ni tó ń gbowó kí ó tó san pẹ́ńṣọ̀n fún mi.
- Mi ò ní ka nọ́ńbà tó wọlé sórí fóònù mi fún ẹnikẹ́ni.
- PIN káàdì mi, èmi nìkan ló mọ̀ ọ́n.
- Ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ kí n pe ọmọ mi.

Kí ẹ̀yin ọmọ náà má bínú: gbólóhùn kẹta kan yín. Bí Bàbá bá ṣì lè tẹ PIN fúnra wọn, kí ni káàdì wọn ń ṣe nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì yín?

Nígbà tí ẹ bá padà délé

1. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ìwé tí wọ́n fún yín, pàápàá sílíìpù tó ní nọ́ńbà ìtọpinpin. Ìńkì rẹ̀ máa ń parẹ́ bí ooru bá kàn án.
2. Ẹ dá ìwé gidi padà fún wọn, sínú àpótí wọn. Ẹ̀dà ni kó wà lọ́wọ́ yín.
3. Ẹ kọ ọjọ́ tí ìdánimọ̀ tó ń bọ̀ máa tó sórí kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri, níbi tí àwọn náà ti lè rí i.
4. Ẹ wò ó bóyá orúkọ arọ́pò wọn lórí pẹ́ńṣọ̀n ṣì tọ̀nà. Ẹni tó ti kú ló wà lórí ọ̀pọ̀ fáìlì.

Bí pẹ́ńṣọ̀n bá wá dúró lójijì lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ má tíì sáré lọ sí Maitama. Ẹ kọ́kọ́ bi báńkì bóyá wọ́n ti ti àkáǹtì náà pa nítorí NIN tàbí BVN. Bí báńkì bá ní ó ṣí, ẹ wò ó bóyá ọjọ́ "I Am Alive" ti kọjá. Bí méjèèjì bá dáa, ẹ wá mú sílíìpù pẹ́ńṣọ̀n tí wọ́n gbà kẹ́yìn, NIN, àti ìwé báńkì oṣù mẹ́ta, kí ẹ sì kọ lẹ́tà kan tó ní nọ́ńbà pẹ́ńṣọ̀n wọn lókè. Ẹ̀yin lẹ máa gbé lẹ́tà náà lọ. Kí Bàbá ṣì jókòó sílé títí tí wọ́n á fi sọ pé àwọn fẹ́ rí wọn.